Iwájú Ta Ni?

Ohun tí àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju ọ̀pá kékeré kan lọ, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò mọ́lẹ̀. Ó dúró ṣánṣán lórí pátákó ìdarí nínú agbọ̀n irin. Agbọ̀n irin náà wà ní ṣóńṣó apá gígùn kan, apá náà sì wà lórí ọkọ̀ kúkúrú onítáyà mẹ́rin tí ẹ̀ńjìnnì ń gbé rìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní «nacelle», wọ́n sì ń pe ọ̀pá náà ní «manette». Ẹni tí ó wà nínú agbọ̀n ni ó ń fi ọ̀pá yìí sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó gòkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó yí, kí ó lọ síwájú, kí ó padà sẹ́yìn. Ní Igbó Ìdààṣà níhìn-ín, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, a máa ń rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún iná ojú pópó ṣe, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́ de àwọn onígbàgbọ́ tí ń rọ́ wá sí ihò àpáta Arígbó ní oṣù kẹjọ ọdọọdún.

Àwa kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ wa ni kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ohun tí ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní PCT, ìyẹn físíìsì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èdè Faransé ni a fi kọ́ àwa náà, òun náà ni a sì fi ń kọ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí aago bá ti lù tán, èdè Ìdààṣà ni tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́ ń sọ jáde sí àgbàlá. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí kì bá tí kàn wá bí kì í bá ṣe pé ẹ̀mí ọmọ tí a kọ́ wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn orúkọ rẹ̀, nítorí pé ó dùn mọ́ wa. Àwọn Faransé ń pe ọ̀pá tí awakọ̀ òfuurufú ń dì mú ní «manche à balai», ìyẹn ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ tiwa, tí a ń ti ara imọ̀ ọ̀pẹ fà yọ, kò ní ọ̀pá. Ẹni tí ń gbálẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà ní kíláàsì, a kò rí ohun tí ó pa ìgbálẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú, àfi bí a bá ka ti àwọn àjẹ́ inú ìwé ọmọdé òyìnbó mọ́ ọn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Robert Esnault-Pelterie, tí a bí ní 1881, ni a máa ń kà sí ẹni tí ó kó ìdarí ọkọ̀ òfuurufú jọ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ní nǹkan bí 1907. Louis Blériot, tí ó fò kọjá omi tí ó wà láàárín Faransé àti Ìlú Ọba ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1909, náà lo ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá fà á mọ́ra, imú ọkọ̀ yóò gbé sókè. Bí ó bá tì í kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, imú ọkọ̀ yóò tẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ yóò fì sọ́tùn-ún. Ọwọ́ kan ti tó iṣẹ́ náà.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó mú kí ọ̀pá náà rọrùn fún awakọ̀ òfuurufú ni pé ojú rẹ̀ àti imú ọkọ̀ rẹ̀ kọ sí ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Iwájú tirẹ̀ ni iwájú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ń wa ọkọ̀ òfuurufú tí ó kẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ.

Bí ọ̀pá náà ṣe kúrò lójú òfuurufú dé inú agbọ̀n irin jẹ́ ìtàn gígùn tí a kò ní tọ̀ tán. Ní Amẹ́ríkà, John L. Grove dá ilé-iṣẹ́ JLG sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní 1969. Ìtàn tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí iná mànàmáná gbé lórí pákó iṣẹ́ gíga ni ó mú un ronú kan irú ẹ̀rọ yìí. Ní Faransé, Haulotte ní ibùjókòó rẹ̀ nítòsí Saint-Étienne. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé, igbà ni àwọn baba wa fi ń gòkè. Ẹni tí ó bá ti wo bí akọ̀pẹ ṣe ń ju igbà sókè, tí ó fẹ̀yìn tì í, tí ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, yóò mọ̀ pé òun àti igbà ti di ara kan náà: bí ó bá yí, igbà yí pẹ̀lú rẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè nípa ibi tí iwájú wà.

Ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè pàápàá kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ìtàn ìdílé ọba wa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí ẹ̀gbẹ́ àpáta Olúmọ nígbà àtúnṣe tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2006. Bọ́tìnnì ni a fi ń darí irú èyí, bọ́tìnnì sì tó o, nítorí pé ọ̀nà méjì péré ni ó mọ̀: òkè àti ìsàlẹ̀. Kọjú sí ògiri tàbí kẹ̀yìn sí i, òkè kì í yí padà. Iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì ni kò ní ìdúróṣinṣin, nítorí pé ara ẹnì kan ni wọ́n ti ń jáde. Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: ojú ni ó wà nínú «iwájú», ẹ̀yìn tí a sì fi ń pọn ọmọ ni a fi ń sọ «lẹ́yìn». Ojú ta ni, ẹ̀yìn ta ni? Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a kì í béèrè. Lórí nacelle, dandan ni kí a béèrè.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Ọ̀pá kan ń gbé apá sókè sódò, ó sì ń yí i káàkiri. Ọ̀pá kejì ni ó ń mú kí táyà rìn, àtàǹpàkò sì ń tẹ bọ́tìnnì kékeré tí ó wà ní orí rẹ̀ láti fi yí ẹsẹ̀ táyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí a bá ti ọ̀pá díẹ̀, ẹ̀rọ yóò rìn jẹ́jẹ́. Bí a bá tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yára sí i. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì yóò dá a padà sí àárín, ẹ̀rọ yóò sì dúró. Ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ kò gbé ohunkóhun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré kan pé, «wọ́n tì mí dé ibí yìí». Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí ni yóò ṣí ẹnu fáàfù níwọ̀n tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu, tí òróró tí ẹ̀ńjìnnì ti fún ní ipá yóò sì máa ti apá gòkè tàbí kí ó máa yí táyà.

Títì ọ̀pá nìkan kò sì tó. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dáàlì mọ́lẹ̀, tàbí kí ìka fún bọ́tìnnì ara ọ̀pá náà pọ̀, kí ẹ̀rọ tó gba àṣẹ. Àwọn tí ó ṣe é rò ó dáadáa: apá ẹ̀wù lè kọ́ ọ̀pá, igbọ̀nwọ́ sì lè ṣèèṣì kàn án. Bọ́tìnnì pupa ńlá kan wà tí ń dá ohun gbogbo dúró. Nísàlẹ̀, lára ọkọ̀, pátákó ìdarí kejì wà tí ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ lè fi gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lókè, bí àárẹ̀ tàbí ìjàǹbá bá bá a. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan gun ẹ̀rọ yìí láìsí ẹnìkejì nísàlẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Apá ẹ̀rọ náà ń yí lórí ìdí rẹ̀, ó sì lè yí débi tí agbọ̀n yóò fi kọjá sí òdìkejì ọkọ̀. Nígbà tí agbọ̀n wà ní ìhà kan, iwájú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ àti iwájú ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí apá bá ti yí kọjá àwọn táyà ìhà kejì, ohun gbogbo dojú rú. Ẹni náà ti ọ̀pá kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì àtàǹpàkò sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ táyà yí sí ohun tí ó jẹ́ òsì lójú tirẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣì í gbọ́ rárá. Iwájú tí ó mọ̀ ni iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní ohun tí yóò fi mọ ibi tí ojú ènìyàn kọ sí. Àwọn tí ó ṣe é kun ọfà alawọ̀ méjì sára ọkọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì kun irú ọfà kan náà yí ọ̀pá ká lórí pátákó lókè, kí a lè wo ọfà wo ọfà kí a tó rìn. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, iná kékeré kan yóò tàn nígbà tí apá bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní rìn títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì mìíràn pé a ti rí i.

Ọmọkùnrin kan wà tí ó jókòó nínú kíláàsì wa ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì «troisième» nítorí owó. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ pé. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tí a kò ní dárúkọ gbà á láti máa tún iná ojú pópó ṣe, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì fún un lórí nacelle kò ju òwúrọ̀ kan lọ: ẹni tí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí òun náà ṣe é, ó parí. Ìwé ìlò ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí kékeré kan lára agbọ̀n, ní èdè Faransé, ojú-ìwé rẹ̀ sì pọ̀ ju ìwé kíláàsì èyíkéyìí tí ọmọ náà ti ní lọ.

Ní òpin oṣù kẹfà ọdún tí ó kọjá, ó ń pààrọ̀ iná kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí òpó wáyà mànàmáná ńlá gbà kọjá. Ó parí iṣẹ́, ó yí apá kúrò lára òpó iná, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ sún kúrò lábẹ́ wáyà kí òun tó sọ̀ kalẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí wáyà náà. Ó tẹ pẹ́dáàlì, ó sì ti ọ̀pá kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni yóò ti ṣe. Ẹ̀yìn ni agbọ̀n ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ wáyà. Ẹnìkejì rẹ̀ nísàlẹ̀ ké, ọmọ wa sì jọ̀wọ́ ohun gbogbo, tọwọ́ tẹsẹ̀. Sípíríǹgì dá ọ̀pá padà, ẹ̀rọ dúró. Ohun tí ó kù láàárín orí rẹ̀ àti wáyà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, kò tó gígùn ènìyàn kan. Òfin Faransé ní kí a má ṣe sún mọ́ wáyà ìhòòhò tí agbára rẹ̀ kò ju 50 000 fóòtì lọ ní ìwọ̀n tí ó dín sí mítà 3, kí a sì fi mítà 5 sílẹ̀ fún èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé irú iná bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejì ni ó wá sí ilé wa. Ó ṣì ń pè wá ní «Monsieur», bí ó ti ń pè wá nígbà tí ó wà ní kíláàsì. Ó kí wa, ó béèrè àwọn ará ilé, ó jókòó, ó sì fi fóònù rẹ̀ hàn wá, lórí èyí tí ó ti ya àwòrán ojú-ìwé bíi mélòó kan nínú ìwé ìlò náà.

«Monsieur, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti ọ̀pá síwájú, ẹ̀yìn ni mo ń lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá bàjẹ́, ṣé èmi ni mo bàjẹ́ ni?»

A ní kí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní ọ̀sán Sunday tí ó ń bọ̀. Márùn-ún ni wọ́n wá. Ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ìsinmi, a ṣí kíláàsì kan, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé pẹ̀lú eékún wọn tí kò rí àyè nísàlẹ̀ tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣiṣẹ́ rí ní Èkó, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ìwé náà kìlọ̀ pé kí a wo ọfà kí a tó ṣe «translation». Ní ti ọkùnrin yìí, «translation» ni kí a tú ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí èkejì, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń rò ó pé ìkìlọ̀ náà jẹ́ ti àwọn tí ń túmọ̀ ìwé, pé kò kan òun. Inú èdè Faransé ti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan náà túmọ̀ sí kí ọkọ̀ máa rìn lọ. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

A gbé àpótí ìjókòó kan kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì ya ọfà sí i lórí, a sì gbé rúlà lé e gẹ́gẹ́ bí apá. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí a ti máa ń ṣàlàyé fún kíláàsì «seconde», pé ìrìn kò ní ìtumọ̀ àyàfi bí a bá sọ ibi tí a dúró sí láti wò ó. Ojú wọn kò tan sí i. Ìgbà tí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tí a sì béèrè ibi tí Ọ̀tún ń jókòó sí láàfin ni ojú wọn tó là. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ìjòyè tí a ń pè ní Ọ̀tún wà ní ọwọ́ ọ̀tún ọba, Òsì sì wà ní ọwọ́ òsì. Àlejò tí ó bá wọlé wá kí ọba, tí ó kọjú sí i, ọwọ́ òsì tirẹ̀ ni yóò ti rí Ọ̀tún. Kò sì sí àlejò kan tí yóò sọ nítorí èyí pé kí Ọ̀tún dìde lọ sí ìhà kejì. Ọ̀tún ọba ni, kì í ṣe ọ̀tún àlejò.

«Nígbà náà,» ni àgbà inú wọn wí, «ẹ̀rọ yìí ni ọba. Àwa ni àlejò.»

A kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ wa gba rúlà, ó yí i sórí àpótí náà, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù ní gbogbo ibi tí ó bá dá a dúró sí pé, «Iwájú ta ni?» Títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń tako ara wọn, wọ́n ń dìde lọ dúró sí ẹ̀yìn àpótí láti wò ó, bí àwọn tí ń ta ayò.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀, àwa kò sì dá sí i púpọ̀. «Síwájú» àti «sẹ́yìn» kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, nítorí pé ẹni tí ó wà lókè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lè máa pariwo ọ̀rọ̀ kan náà sí ara wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ méjì tí ó takora. Ọ̀kan dábàá «ojú ọkọ̀» àti «ìdí ọkọ̀» fún ẹ̀rọ, kí «iwájú mi» àti «ẹ̀yìn mi» sì jẹ́ ti ènìyàn. Wọ́n gba èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ké sí ọmọ wa lọ́jọ́ òjò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kàwé kọjá «CM2», ni ó mú èyí tí ó dára jù wá. Ó ní ìgbà tí àwọn bá ń wá ewúrẹ́ tí ó sọnù láàárín òkè, kò sí ẹni tí ń sọ pé ó lọ sọ́tùn-ún. Wọ́n á ní ó lọ sí ìhà Arígbó, tàbí ó kọjá sí ọ̀nà Savalou. Èéṣe tí àwọn kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún nacelle?

Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa lè má mọ bí èyí ti bọ́gbọ́n mu tó. Wọ́n máa ń sọ pé òkè mọ́kànlélógójì ni ó yí wa ká, àpáta dúdú tí kì í ṣípò, kò sì sí ibi tí ènìyàn dúró sí tí kò ní rí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu àti Bohicon wá pín sí méjì lọ́dọ̀ wa: ọ̀kan kọrí sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou, èkejì kọrí sí Savalou. Òkè kò ní ìwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ bá ké pé, «Ojú ọkọ̀ kọ sí Savalou!», bí apá ti wù kí ó yí tó, ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ òtítọ́ lójú ẹni tí ó wà lókè. Ohun tí àwa ń fi wákàtí mẹ́ta kọ́ni pẹ̀lú orúkọ «référentiel terrestre», ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti kọ́ ọ lẹ́yìn ewúrẹ́.

Nígbà tí a sọ ìtàn náà nínú yàrá olùkọ́, ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè Faransé kò fara mọ́ ọn pátápátá. Ó ní ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ kò ní yí padà sí Ìdààṣà, pé bí wọ́n bá gbé ọmọ wa lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ní ọ̀la, òkè wo ni yóò máa wò níbẹ̀? Ó ní kí a kọ́ wọn ní Faransé inú ìwé náà kí ó sì tán. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: àwọn ọmọ náà ti há «translation», «orientation» àti «arrêt d'urgence» sórí, wọ́n sì lè tọ́ka sí wọn lára pátákó. Ṣùgbọ́n kíkà ni ìyẹn. Ẹni tí ó wà ní mítà 12 lókè tí ẹ̀rù bà kì í kàwé. Èdè tí yóò fi ké ni èdè tí yóò fi gbọ́. Ní ti Kútọnu, òkun kò kúrò níbi kan rí. Kí wọ́n máa wí pé «ìhà òkun».

Ohun tí ó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí ohun tuntun kankan nínú rẹ̀. Ní Faransé, ìwé-ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní CACES, èyí tí abala R486 rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, jẹ́ ti àwọn tí ń darí irú ẹ̀rọ yìí. Wọ́n pín àwọn ẹ̀rọ náà sí oríṣiríṣi: èyí tí ń gòkè ní gbọọrọ àti èyí tí apá rẹ̀ ń nà jáde, èyí tí kò gbọdọ̀ rìn bí agbọ̀n bá ti gòkè, àti èyí tí ó lè rìn nígbà tí ènìyàn wà lókè. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí, tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ wa, ni ó ń bèèrè ìṣọ́ra jù. Bí táyà kan bá jìn sí kòtò kékeré nísàlẹ̀, agbọ̀n lókè lè fì ẹni inú rẹ̀ jáde bí òkò inú kànnàkànnà, ìdí sì nìyí tí bẹ́líìtì fi gbọ́dọ̀ so ó mọ́ agbọ̀n. Ilẹ̀ ìlú wa, tí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń bo àpáta mọ́lẹ̀ níhìn-ín, tí ọ̀gbàrá sì ti wa ihò sábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣeré lórí. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà mọ iye tí ó san. Owó tí yóò fi kọ́ ẹni tí yóò gùn ún kò tó ìdá kékeré nínú rẹ̀, òun sì ni wọ́n ń ṣọ́.

Àwọn márààrún ti sọ ọ́ di àṣà báyìí. Kí ọkọ̀ tó sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹni tí ó wà lókè yóò béèrè pé, «Ojú rẹ̀ dà?» Ẹni ìsàlẹ̀ yóò lọ wo ọfà, yóò sì dáhùn pẹ̀lú orúkọ òkè tàbí ọ̀nà. Ẹni òkè yóò tún orúkọ náà pè, yóò ti ọ̀pá díẹ̀, kí ó kàn mira, yóò dúró, yóò wò ó bóyá ibẹ̀ náà ni ó kọrí sí, kí ó tó wá rìn. Ó ń gba àkókò, ọ̀gá wọn sì ti sọ̀rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí, ìyẹn ohun tí wọn yóò máa pe yíyí ẹsẹ̀ táyà nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi ìdí rìn. Ìdáhùn mẹ́ta ni ó wà láàárín àwọn márùn-ún, àwa pẹ̀lú kò sì ní ẹ̀kẹrin.

Ọfà ara ọkọ̀ náà ti ń pa rẹ́ nítorí oòrùn àti eruku. Ọmọ wa bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọ̀dà kọ OJÚ àti ÌDÍ sára irin náà ní lẹ́tà ńlá. Wọ́n ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni, a kì í kọ nǹkan sí i. Ó wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wa. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀ńjìnnì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án, á tún un kọ. Àpótí ṣọ́ọ̀kì kejì ni ó ń lò lọ́wọ́ báyìí, funfun àti àwọ̀ ìyeyè, nítorí ó ní funfun kì í hàn dáadáa lára ọ̀dà ọkọ̀ náà bí oòrùn bá ti mú.